Orù Afefa àti Kòtò Amọ̀ Òdìkejì Odò

"Ìyá, níbo ni ilẹ̀ yín parí sí?"

Gbedema ló bi Dzatugbe ní ìbéèrè yìí, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, létí odò Dzile. Gbedema kì í ṣe ará Kpeta. Ọmọ etíkun ni, ògbufọ̀ àwọn òyìnbó tó ń wọn ilẹ̀. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àmọ́ èdè kan náà ni òun àti Dzatugbe jọ ń sọ, àyàfi pé ó máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn bí àwọn apẹja ṣe máa ń fà á. Òyìnbó méjì dúró lẹ́yìn rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kan, Faransé kan. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà láàárín wọn, ọkùnrin kan sì ń fi aṣọ ṣíji bò ó bí ẹni pé ọmọ tuntun ni.

Ìbéèrè náà kò le. Ọmọ ọdún mẹ́fà ní Kpeta mọ ìdáhùn rẹ̀. Ilẹ̀ Kpeta kọjá odò Dzile, ó gun òkè kékeré kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó la igbó ọ̀pẹ já títí dé ìdí igi odán méjì, níbi tí ilẹ̀ àwọn ará Gbaga ti bẹ̀rẹ̀. Odò Dzile kì í ṣe òpin ohunkóhun. Ibi tí àwọn obìnrin ti ń fọ ẹsẹ̀ ni.

Àmọ́ Dzatugbe wo gbogbo àwọn tó dúró níwájú rẹ̀, òyìnbó, aláàárù àti ará ìlú. Ó kà wọ́n. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n, ọkùnrin sì ni gbogbo wọn. Ó sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ lórí òkúta, ó sì dáhùn.

"Ibí náà ni. Kò sí nǹkan kan tiwa lọ́hùn-ún."

Gbedema yí i sí èdè àwọn òyìnbó. Àwọn méjèèjì kọ ọ́ sínú ìwé.

Kì í ṣe ìwà òmùgọ̀ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀rù. Lẹ́yìn òkè kékeré yẹn ni kòtò amọ̀ wà, èyí tí gbogbo obìnrin Kpeta fi ń mọ ìkòkò láti ayé ìyá ìyá wọn. Ọkùnrin kì í dé ibẹ̀. Togbui Adzima tó jẹ́ ọba ìlú kò dé ibẹ̀ rí. Nígbà tí ìyá Dzatugbe wà lọ́mọdé, ọdẹ kan lé ẹtu tó ti ta lọ́fà wọ inú rẹ̀, ní ọdún yẹn kò sí ìkòkò kan ṣoṣo tó jáde nínú iná láìlà. Ìkòkò irin tí wọ́n yá ní Gbaga ni wọ́n fi ro akple, òkèlè wọn, títí ìkórè fi dé. Nítorí náà, bí ọkùnrin bá wà lójú ọ̀nà, àwọn amọ̀kòkò kì í kọjá odò. Wọn á fọ ẹsẹ̀ bí ẹni pé omi ni wọ́n wá pọn, wọn á sì padà sílé. Bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tó wà lọ́hùn-ún, wọn á ní kò sí nǹkan. Kí ìyá tó kọ́ ọmọ rẹ̀ bí a ṣe ń po amọ̀, ó ti kọ́ ọ ní gbólóhùn yẹn.

Àwọn ọkọ wọn mọ̀, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ Dzatugbe, kí ilẹ̀ tó gbà á, máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí ìyàwó rẹ̀ bá ń bọ̀ pẹ̀lú amọ̀ tó dé orúnkún. Á béèrè pé níbo ló ti ń bọ̀, òun náà á ní odò ni. Ọkùnrin náà á mi orí. "Omi odò Dzile mà ki o. Bóyá ká máa fi ọbẹ̀ jẹ ẹ́."

Hevi, agbẹnusọ ọba, ló mú àwọn òyìnbó náà wá sétí odò. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ Kpeta kò parí síbẹ̀. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò gba kí ó já amọ̀kòkò nírọ́ létí odò lójú àjèjì, nítorí èèwọ̀ ni. Ó tẹjú mọ́ omi. Lọ́kàn rẹ̀, tí wọ́n bá dé ilé, Togbui á tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ohun tó rò náà ni Dzatugbe rò. Wọn kò mọ̀ pé àwọn òyìnbó náà kò ní í padà sí ilé Togbui mọ́. Láti etí odò ni wọ́n ti bá ọ̀nà tiwọn lọ síhà àríwá, wọ́n ń fa ẹ̀wọ̀n ìwọ̀nlẹ̀ wọn tẹ̀lé omi.

Ọdún kẹsàn-án tí ogun àwọn òyìnbó parí nìyẹn. Ṣáájú ogun, Jámánì ló ni gbogbo wọn, Kpeta, Gbaga, títí dé Kpalimé àti etíkun. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè nígbà náà pẹ̀lú. Jámánì sá lọ, ó fi ọ̀nà tó ń là sílẹ̀ ní ààbọ̀, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sì jókòó sórí ilẹ̀ náà, wọ́n pín in bí ọdẹ méjì ṣe ń pín ẹran tó kú sínú oko olóko. Olóko dúró, ó ń wò wọ́n.

Kí òjò tó dé, òpó sìmẹ́ńtì ti wà létí odò, wọ́n kọ lẹ́tà kan sí ìhà kan, òmíràn sí ìhà kejì. Àwọn ọmọdé ń gùn ún. Àwọn ewúrẹ́ ń fi ara họ ọ́. Fún ọdún méjì gbáko, kò sí ohun tó yí padà. Àwọn obìnrin ń kọjá, wọ́n ń wa amọ̀, wọ́n ń padà. Dzatugbe bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé irọ́ òun ti bá odò lọ.

Ọdún méjì yẹn ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, Afefa, kọ́ iṣẹ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ọwọ́ rẹ̀ gùn, kì í sì í kánjú. Ìkòkò mẹ́ta tó kọ́kọ́ mọ ló là nínú iná. Ẹ̀kẹrin jẹ́ orù kékeré, ọrùn rẹ̀ tín-ínrín, ó fi ṣùkù àgbàdo yí ara rẹ̀ títí tó fi dà bí awọ ejò. Nígbà tí eérú tutù, Dzatugbe fà á jáde, ó fi èékánná ta á. Orù náà dún bí agogo. Àwọn obìnrin agbo ilé rẹ́rìn-ín.

Ìkòkò àkọ́kọ́ tó bá yọ nínú iná kì í ṣe ti ẹni tó mọ ọ́n. Ti kòtò amọ̀ ni. Ọmọbìnrin náà gbọ́dọ̀ gbé e sórí ní ọ̀sán gangan, kí ìyá rẹ̀ àti àwọn amọ̀kòkò tó kù tò lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n kọjá odò, kí ó bu omi Dzile sínú rẹ̀, kí ó sì gbé e ti ògiri kòtò náà. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló tó lè tẹ àmì àtàǹpàkò rẹ̀ sí ìdí ìkòkò. Amọ̀kòkò tí kò bá tíì san án, gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Ìkòkò rẹ̀ kò ní àmì. A kì í fi se oúnjẹ ìyàwó, a kì í fi bu omi wẹ òkú. Kò sì lè kọ́ ọmọ tirẹ̀ níṣẹ́.

Wọ́n mú ọjọ́. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, tí orù wà lórí Afefa, tí obìnrin méje sì tò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n bá okùn tí wọ́n ta dí ọ̀nà. Ọkùnrin méjì jókòó lábẹ́ igi, pẹ̀lú ìbọn àti fìlà pupa. Oníbodè Faransé ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti kó wọn wá. Ọkùnrin Gbaga kan ló ń bá wọn túmọ̀, ojú sì ń tì í.

Ó ní láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ ní ìwé.

Kokui, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Dzatugbe láti kékeré, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, béèrè ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé náà.

"Kpalimé ni."

"Kpalimé wà lẹ́yìn okùn yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Nítorí náà, kí n tó lè lọ gba ìwé, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìwé."

Kokui wo ọkùnrin Gbaga náà látòkè délẹ̀, ó ní òun mọ ìyá rẹ̀, òun ló sì mọ ìkòkò tí wọ́n fi gbé omi kaná tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ìyẹn náà kò ṣí okùn.

Ọkùnrin ló wà lójú ọ̀nà, wọn kò sì lè sọ ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n fọ ẹsẹ̀. Wọ́n padà sílé. Dzatugbe fi okùn hun àwọ̀n, ó gbé orù náà sínú rẹ̀, ó fi kọ́ ògiri yàrá.

Àwọn obìnrin rí ọ̀nà sí amọ̀. Ní ìdájí, wọn á gba inú igbó, wọn á tẹ̀ ba kọjá ní ibi tí odò ti fẹjú, wọn á wa ìwọ̀nba. Àwọn oníbodè mú Kokui lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n da amọ̀ rẹ̀ sódò, wọ́n sì ní kó gbálẹ̀ ibùdó wọn fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó dé, ó ní òun ti fi gbogbo ìdọ̀tí wọn pamọ́ sábẹ́ ibùsùn ọ̀gá wọn. Ṣùgbọ́n kò ṣe àwàdà kankan mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

A lè jí amọ̀ wa. A kò lè jí gbèsè san. Orù àkọ́kọ́ kì í gba inú igbó kọjá, a kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé e. Dzatugbe gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní gbogbo ọ̀nà, kò rí ibi tó lè gbà.

Ní ọdún kejì tí wọ́n ta okùn náà, Togbui Adzima dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò dìde nínú rẹ̀ mọ́. Ariwo tó wà nílùú ni pé òun ló fi ilẹ̀ òdìkejì odò gba ìgò ọtí mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Dzatugbe gbọ́ ọ lọ́jà, ó gbọ́ ọ nídìí kànga, ó sì gbé e mì. Nígbà tó yá, kò lè gbé e mì mọ́. Ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ọba, ó sì sọ ohun tó sọ létí odò fún un.

Togbui ní òun mọ̀. Hevi ti sọ fún òun ní ọjọ́ náà gan-an.

"Togbui, ẹ ò sì sọ fún ìlú."

"Kí n ní kí ni? Pé ẹ̀yin obìnrin pa èèwọ̀ yín mọ́? Ṣebí bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ yín."

Ó ní kí Dzatugbe gbé òun jókòó. Ó ní òun rìn lọ sí ìlú Ho lẹ́ẹ̀mẹta láti bá òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀. Ní ìgbà kẹta, òyìnbó náà tẹ́ ìwé ńlá kan síwájú òun. Ìlà kan wà lórí rẹ̀. Òun béèrè ìgbà tí wọ́n fà á, wọ́n sì ní ó ti tó ọdún mẹ́jọ kí àwọn tó wá wọn ilẹ̀, pé ní òkè òkun ni wọ́n ti fà á.

Dzatugbe béèrè bóyá ìlà náà gba orí odò Dzile.

"Ìlà náà nípọn. Mo gbé ìka mi lé e. Ìka mi kan bo odò, ó bo òkè, ó bo Gbaga pọ̀ mọ́ wa."

"Tí mo bá ti dárúkọ igi odán méjì fún wọn ńkọ́?"

"Bóyá wọn ì bá kọ ọ́ sílẹ̀. Bóyá wọn ì bá rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀, Dzatugbe. Ìwọ náà ò ní í mọ̀. Má bi ẹnikẹ́ni mọ́."

Ó kú ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́, ìkòkò Dzatugbe ni wọ́n fi bù ú.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, Kokui gba inú igbó lọ wa amọ̀, ó sì padà pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní agbo ilé Dzatugbe. Ó ní àwọn oníbodè fẹ́ kọ́ ilé, wọ́n ń wá erùpẹ̀ tó dára, wọ́n sì tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ àwọn obìnrin gun òkè.

"Ọkùnrin mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n bọ́ aṣọ. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ pò ó, wọ́n ń kọrin."

Ilé tí wọ́n fi amọ̀ náà kọ́ sí ẹ̀yìn okùn ga, yàrá mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn. Nígbà tí òjò dé, omi kún inú kòtò, etí rẹ̀ ya lulẹ̀, koríko bò ó. Àwọn obìnrin Kpeta dúró de ìgbà tí ilé náà yóò là. Wọ́n dúró ní oṣù kìíní, wọ́n dúró ní oṣù kejì. Àwọn kan ń lọ sétí odò láti wò ó. Ilé náà kò là. Ìkòkò tiwọn ló ń là, nítorí amọ̀ tó kù ní ìhà tiwọn ní iyanrìn nínú. Ó dun Dzatugbe ju okùn lọ, pé ògiri yẹn dúró.

Afefa lọ sílé ọkọ. Ìkòkò rẹ̀ dára ju ti ìyá rẹ̀ lọ, pẹ̀lú amọ̀ burúkú yẹn náà, àmọ́ kò sí àmì ní ìdí wọn. Ìyá ọkọ rẹ̀ a máa gbé wọn yí po lọ́wọ́, a ní ìkòkò aláìlórúkọ dà bí ọmọ àlè, ó lè rẹwà, a ò kàn mọ ẹni tí à ń kí. Afefa a rẹ́rìn-ín, a sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó bí ọmọbìnrin kan, Sewa. Ọmọ náà pé ọdún márùn-ún, ó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń fi amọ̀ mọ àwọn nǹkan kéékèèké. Lọ́jọ́ kan, Afefa gba amọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ ṣeré níbòmíràn. Dzatugbe wà níbẹ̀. Ó rí ojú ọmọ náà, ó sì rí ti Afefa.

Ó padà sílé, ó sọ orù náà kalẹ̀ lára ògiri. Ó nu eruku rẹ̀. Èrò kan ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: bí kòtò bá ti di ògiri, á jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ògiri la ó gbé e lọ.

Ní ọ̀sán gangan, Afefa gbé orù àkọ́kọ́ rẹ̀ sórí, obìnrin tó ti bímọ, bí ẹni pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Dzatugbe tẹ̀lé e. Kokui náà tẹ̀lé wọn, orúnkún ń dùn ún, ó ń ráhùn ní gbogbo ọ̀nà. Àwọn mẹ́ta yìí ló lọ.

Oníbodè tuntun kan ló jókòó síbi okùn. Ó ti gbọ́ èdè wọn díẹ̀, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ ẹja eléegun. Kò ní ìwà ìkà. Ó kí wọn dáadáa.

"Ìyá, kí ló wà nínú rẹ̀?"

Dzatugbe ní òfìfo ni.

"Títà ni?"

Ó ní kì í ṣe títà.

"Ó dáa. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe lọ́hùn-ún?"

Dzatugbe la ẹnu. Ó wo fìlà rẹ̀, ó wo bọ́tìnì rẹ̀, ó wo ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ògiri rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀yìn orù náà gẹ́lẹ́. Ọkùnrin ni ẹni tó ń bi í. Ọjọ́ orí Dzatugbe ti kọjá ọgọ́ta ọdún, gbogbo ayé ló sì ti mọ ibi tí kòtò náà wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn kò jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Kò sí nǹkan," ó ní. "Kò sí nǹkan kan tiwa lọ́hùn-ún."

Oníbodè náà mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ní bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ẹrù ni, ẹrù sì gbọ́dọ̀ san owó ibodè, owó Faransé. Wọn kò ní owó Faransé. Kokui na ṣílè Gẹ̀ẹ́sì kan sí i. Oníbodè náà ní owó yẹn kò ṣiṣẹ́ níbí, ìgbésẹ̀ mẹ́fà sí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní òun kò ní í dá wọn dúró, wọ́n ti dàgbà, kí wọ́n máa lọ sílé. Àmọ́ ẹrù tí kò sanwó, ìjọba ló ni ín.

Ó na ọwọ́ sókè, ó gbé orù náà kúrò lórí Afefa. Ó rọra ṣe é. Ó gbé e yí po, ó yìn ín. Lẹ́yìn náà ni ó lọ bu omi Dzile sínú rẹ̀, ó gbé e ti ògiri lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn kò dé. Ó bu omi náà mu.

Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Afefa fọwọ́ kan apá ìyá rẹ̀.

"Ìyá, omi Dzile ló bù sí i. Ara ògiri ló sì gbé e tì." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ṣé kò tíì tó?"

Kokui náà yíjú sí Dzatugbe. Dzatugbe ló dàgbà jù láàárín àwọn amọ̀kòkò Kpeta báyìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ó mọ̀ pé ó rọrùn. Kó kàn ní ó ti tó ni. Ó ti sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ rí ní etí odò yìí kan náà, kò sì nira fún un nígbà náà.

"A ò gbé e fún un," ó ní. "Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa ni."

Wọ́n fọ ẹsẹ̀. Wọ́n padà.

Ní ọjọ́ kejì, Afefa wá sí agbo ilé ìyá rẹ̀, ó mọ ìkòkò ọbẹ̀ kan parí, ó sì dojú rẹ̀ dé kí ìdí rẹ̀ lè gbẹ díẹ̀. Amọ̀ náà ṣì rọ̀. Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè lórí rẹ̀, ó dúró, ó gbójú sókè wo Dzatugbe. Dzatugbe mi orí pé rárá. Afefa mú òkúta, ó dán ìdí ìkòkò náà títí tí kò fi sí àmì kankan lórí rẹ̀.